Hilux 2.7 tó ń gbóná, tí gíà rẹ̀ ń fò: ṣé rírà ni àbí sísá fún?

Àgbẹ̀Bùnú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Hilux kan wà ní Kàbà tí mo fẹ́ rà. Ọdún 2008, ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù 2.7 (2TR), gíà ọlọ́wọ́, dọ́bù kábíìnì, fọ́ọ̀-wíìlì. Kì í ṣe tókunbọ̀, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti lò ó. Ẹni tó ń tà á kò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́, ó kà á fún mi báyìí:

Ó ń gbóná tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ṣùgbọ́n kì í gbóná lójú títì tó tẹ́jú.
Gíà kejì ń fò jáde.
Èéfín búlúù ń jáde láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, kò sì ní pé ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dáwọ́ dúró.
Wọ́n ti jó ṣáṣì rẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn, lápá òsì.
Fọ́ọ̀-wíìlì kì í wọlé.

Mílíọ̀nù 6 ló pè é. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe ni kíkó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko ní Bùnú wá sí Kàbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí iṣu 300 lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ pupa ni apá kan ọ̀nà náà, òjò sì máa ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀.

Èwo nínú àìsàn wọ̀nyí ló ṣeé tún ṣe, èwo ló yẹ kó lé mi sá? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san kọ́bọ̀? Gbogbo èyí tí mo bá kà fún mẹkáníìkì mi, “kò sí wàhálà” ló ń sọ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

SípánàÌyàrá

Ọ̀kun, àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó ń tà á sọ ti ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀: òkè pẹ̀lú ẹrù ló ń mú un gbóná, títì tó tẹ́jú kì í mú un. Lójú títì, eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀. Tí ẹ bá ń fi gíà kejì gun òkè pẹ̀lú iṣu, ẹ lè má sáré ju 25 km/h lọ. Fáànù nìkan ló kù tó ń fa atẹ́gùn nígbà náà. Fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èdìdì tó wà láàrin ẹ́ńjìnì àti tọ́ọ̀pù orí rẹ̀) fún yín.

Fáànù Hilux yìí kì í ṣe oníná. Bẹ́líìtì ló ń yí i, ó sì jókòó sórí wọ́tà pọ́ǹpù. Láàrin rẹ̀ ni igbá rìbìtì kan wà tí ọ́ìlì sílíkónì wà nínú rẹ̀. Tí atẹ́gùn gbígbóná láti ara rédíétọ̀ bá kan igbá yìí, ọ́ìlì inú rẹ̀ á di fáànù mú kó lè máa yí pẹ̀lú agbára. Tí ọ́ìlì yẹn bá ti jò tán, fáànù á máa yọ̀ lásán: ẹ ó rí i tó ń yí, ṣùgbọ́n kò fa nǹkan kan.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ fi ọwọ́ ta fáànù náà. Tí ara rẹ̀ bá le, tí kò yí kọjá ìdajì tàbí ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣì dára. Tó bá ń yí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó ti kú. Ẹ tún wo ojú igbá náà. Tí eruku tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bá ní ọ̀rá, tó sì tàn ká bí ìtànṣán oòrùn láti àárín síta, ọ́ìlì ló ti jò síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àtúnṣe ojú ọ̀nà. Àwọn kan máa ń gbá bóòtù mọ́ igbá yẹn kó má lè yọ̀ mọ́. Ọkọ̀ kò ní gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù á máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, á máa jẹ epo, á sì máa fa bẹ́ríìnì wọ́tà pọ́ǹpù ya. Àwọn mìíràn á yọ gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n á so fáànù oníná ti ọkọ̀ kékeré mọ́ ọn. Ìyẹn kò lè gbé òkè pẹ̀lú ẹrù láéláé.

Èkejì ni tẹmósítátì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnì títí yóò fi móoru. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé kò sí nínú ọkọ̀ yẹn, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń yọ jù nù nìyẹn tí mọ́tò bá ti gbóná. Ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ tan án, ẹ gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè tó wọ rédíétọ̀. Tó bá wà níbẹ̀, họ́ọ̀sì á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ooru á dé lójijì. Tí họ́ọ̀sì bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́. Yíyọ rẹ̀ kò wo ìgbóná sàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ́ńjìnì kì í móoru tó lójú títì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òwúrọ̀ ni títí lọ, á sì máa da epo sí i. Tí ẹ bá ra tuntun, ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná: bí 82°C ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ìyẹn ṣáájú kí omi tó hó. Èyí tí kò bá ṣí títí omi fi hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Rédíétọ̀ náà ńkọ́? Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ nígbà tó tutù, kì í ṣe nígbà mìíràn o. Omi tó pupa bí omi ìpẹtà túmọ̀ sí pé omi kànga lásán ni wọ́n ń bù sí i láti ọdún yìí wá. Tí ọ̀rá bá léfòó lójú omi, ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ẹ sì wo àlàfo tó wà láàrin rédíétọ̀ àti ti éásì níwájú: koríko, kòkòrò àti eruku ilẹ̀ pupa máa ń dí ibẹ̀ pa bí ìgbà tí ènìyàn rẹ́ ògiri. Láti apá ẹ́ńjìnì ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ síta, pẹ̀lú omi tí kò lágbára jù, kí ewé rédíétọ̀ má baà tẹ̀.

Wàyí o, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bu omi kún rédíétọ̀ nígbà tó tutù, ẹ má dé e, ẹ tan ẹ́ńjìnì. Èéhó díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò burú, atẹ́gùn tó há ló ń jáde. Èéhó tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí tẹmósítátì ti ṣí, tó sì ń pọ̀ sí i tí ẹ bá tẹ iná (ìtẹ̀sẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré), atẹ́gùn inú sílíńdà ló ń ya wọ inú omi. Ẹ tún lè dé e padà kí ẹ tan án tútù, kí ẹ di họ́ọ̀sì òkè mú. Tó bá le gbagidi láàrin ìṣẹ́jú méjì, nígbà tí omi kò tíì móoru rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò pẹ̀lú: tí ọ̀kan bá mọ́ fọ́nífọ́ní láàrin àwọn tó dúdú, omi ló ń fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀: “Ṣé ó ti gbóná débi pé ẹ́ńjìnì kú fúnra rẹ̀ rí?” Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà 2TR. Tó bá ti gbóná débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kó ti wọ́, ẹni tó bá sì kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì sórí tọ́ọ̀pù tó ti wọ́, oṣù díẹ̀ ni yóò fi tún un ṣe.

ỌmọYàgbà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Sípánà. Ẹ jẹ́ kí n mú gíà àti èéfín.

Èéfín búlúù tó ń jáde ní àárọ̀ nìkan, tó sì tán kíá, fáàfù sílì ló sábà máa ń jẹ́. Ọ́ìlì á rọra sun wọ inú sílíńdà lóru láti orí fáàfù, a ó sì jó o láàárọ̀. 2TR ní fáàfù 16, sílì 16 náà nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ wọn láì tú tọ́ọ̀pù, tó bá ń fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti atẹ́gùn gba ihò plọ́ọ̀gì kí fáàfù má baà já bọ́ sínú. Ṣùgbọ́n tí búlúù bá ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ iná lórí òkè, rìńgì písítìnì inú sílíńdà ni, ìyẹn sì ni títú ẹ́ńjìnì látòkè délẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan, kí ó yọ fáàfù PCV (èyí tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnì padà kó lè jó), kó mì í: ó yẹ kó máa dún kẹ̀kẹ̀. Èyí tó ti dí lè mú ẹ́ńjìnì tó dára jẹ ọ́ìlì, owó kékeré sì ni.

Ẹ má ra ẹ́ńjìnì láì wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó láti fún atẹ́gùn pọ̀. Ẹ́ńjìnì gbígbóná, kí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n dá epo dúró, kí wọ́n tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí bátìrì lágbára. Tí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà láàrin 150 sí 180 psi, tí wọn kò sì jìnnà síra, inú ẹ́ńjìnì ṣì dára. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 120, kí wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Tó bá gbéra sókè, rìńgì ni. Tí kò bá mira, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra tí wọ́n jọ lọ sílẹ̀, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì láàrin wọn.

Gíà kejì. Ẹ má gbà pé gíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ kí ẹ tó wo ìjókòó rẹ̀. Rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnì àti ti gíábọ́ọ̀sì tí ó bá ti ya máa ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ fì síwá sẹ́yìn, ọ̀pá gíà á sì fa gíà jáde. Kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí, kí ẹlòmíràn di búréèkì mú ṣinṣin, kí ó rọra tú klọ́ọ̀ṣì ní gíà àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnì tó bá fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta, ìjókòó rẹ̀ ti lọ.

Tí ìjókòó bá dára, ẹ wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní gíà kejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ tún tẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá fò nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀, eyín ìdè gíà kejì ló ti jẹ, tàbí fọ́ọ̀kì tó ń tì í ti tẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé fi ọ́ìlì wò. Ẹ má sì fojú kéré rẹ̀: tí iṣu 300 bá wà lẹ́yìn, tí gíà bá fò bọ́ sí nútrà lórí ìsọ̀kalẹ̀, búréèkì nìkan ló kù fún yín, búréèkì tó bá sì gbóná jù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Kí wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì tó ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rá eérú lára rẹ̀, bí àtíkè tó rin, kò ṣe nǹkan. Ègé irin tí ẹ lè fi ìka mú, eyín ti ń já nínú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gíábọ́ọ̀sì tókunbọ̀ odidi máa ń dín owó ju títú èyí lọ, nítorí ẹ lè pààrọ̀ gíà kejì, kí ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn oṣù méjì.

Wẹ́dàMọ̀pà

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀, gíábọ́ọ̀sì ṣeé pààrọ̀. Ṣáṣì ni ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ wò, tí kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, n kò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá.

Ojú méjì ni píkọ̀ọ̀pù sábà máa ń ti ṣẹ́: lẹ́yìn kábíìnì gẹ́lẹ́ níbi tí àpótí ẹrù ti bẹ̀rẹ̀, àti níbi tí orí sípírìn ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáṣì. Ẹ ti sọ pé ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n jó. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, hámà kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì onírin, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ha dọ̀tí àti kíkùn kúrò lójú ibi tí wọ́n jó. Kíkùn dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kò wà níbẹ̀ fún ẹwà.

Tí ẹ bá rí ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀ irin, wọ́n kàn dí ẹnu ìlà tó sán ni. Yóò tún sán, kì í ṣe lójú jíjó náà bí kò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí iná ti sọ irin ibẹ̀ di aláìlágbára. Iṣẹ́ tó péye ni kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré (6 mm tó) sí ìparí ibi tó sán kó má baà tẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi gíráńdà la ojú rẹ̀, kí wọ́n jó o kún, kí wọ́n wá fi pátákó irin tó nípọn bíi ti ṣáṣì lé e, kí etí pátákó náà dà bí ojú káítì, kó má ṣe gé gbọọrọ. Tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ fi hámà kan ṣáṣì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún gangan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ á dún pọ́pọ́ bí igbá.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wo àlàfo àárín kábíìnì àti àpótí ẹrù. Ó yẹ kó dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Tó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ìdí ọkọ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, ṣáṣì ti tẹ̀. Ẹ fi téépù wọn àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ọwọ́ ìdarí dúró gbọọrọ. Ìyàtọ̀ tó bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá, ẹ padà sílé.

Ka ewé sípírìn ẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ẹ sì fi wé Hilux mìíràn. Wọ́n máa ń fi ewé kan tàbí méjì kún un kí ìdí ọkọ̀ má baà wólẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Sípírìn tí kò tẹ̀ mọ́, ṣáṣì ló máa tẹ̀ dípò rẹ̀. Mo fura pé ohun tó fa jíjó tiyín nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà yín ní Tacoma (píkọ̀ọ̀pù Toyota ti ọjà Amẹ́ríkà) tókunbọ̀ dípò èyí, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní àríwá Amẹ́ríkà ti jẹ ṣáṣì ọ̀pọ̀ nínú wọn wọnú.

ÌwéPé

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un, nítorí ọkọ̀ tó dára tí ìwé rẹ̀ kò pé burú ju ọkọ̀ tó ń gbóná lọ.

Nọ́ńbà ṣáṣì Hilux yìí wà lára irin ṣáṣì lápá ọ̀tún, lẹ́bàá táyà iwájú. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ má fi gíráńdà kàn án. Àmì 17 ni. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AHT, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é. Tó bá jẹ́ MR0, Táíláǹdì ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì kẹwàá sọ ọdún ọkọ̀ fún yín, òfin ọjà Amẹ́ríkà nìyẹn, kò sì sí Hilux nínú ọjà wọn. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá gbogbo àmì náà ga bákan náà, tí wọ́n jìn bákan náà, tí kò sí ibi tí wọ́n ti lọ irin pẹlẹbẹ. Tí jíjó tàbí kíkùn tuntun bá súnmọ́ ibẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kí ó pọ́n lójú yín tó.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi ra èyí tuntun. Ẹ yẹ nọ́ńbà ara ọkọ̀ wò lórí ojú-òpó NVIS ti FRSC (ibi tí wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà ọkọ̀ sí), kí ẹ rí i bóyá irú ọkọ̀ àti àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ló wà níwájú yín. Ọ̀pọ̀ Hilux tó wà ní agbègbè wa ti ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí iléeṣẹ́ rí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé gbàǹjo gbọ́dọ̀ wà, kí orúkọ sì máa so mọ́ra láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ní gbàǹjo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á fún yín. Tí okùn yẹn bá já níbì kan, ẹ dúró.

Ẹ kọ gbogbo àìsàn márààrún náà sínú ìwé àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, ẹ má fi yíyí orúkọ padà falẹ̀, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá.

Àgbẹ̀Bùnú

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti yẹ̀ ẹ́ wò láti òwúrọ̀. Èsì nìyí:

Fáànù yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin fúnra rẹ̀ nígbà tó gbóná, ọ̀rá sì wà lójú igbá rẹ̀. Tẹmósítátì kò sí níbẹ̀. Omi rédíétọ̀ pupa ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rá, kò sí èéhó, họ́ọ̀sì kò le. Kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n: 165, 160, 165, 155. Kò sí búlúù lórí òkè. Ìjókòó ẹ́ńjìnì dára, ṣùgbọ́n gíà kejì fò lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ní ìsọ̀kalẹ̀, ègé irin kékeré méjì sì wà lára mágínẹ́ẹ̀tì. Jíjó ṣáṣì ní pátákó onígun káítì, àlàfo kábíìnì dọ́gba, téépù fi 4 mm yàtọ̀. Ewé sípírìn apá òsì fi ọ̀kan ju ti ọ̀tún lọ! AHT ni nọ́ńbà rẹ̀, ó bá ìwé mu.

Ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mílíọ̀nù 5 àti ààbọ̀.

SípánàÌyàrá

Ẹ́ńjìnì yẹn ṣì wà láyé. Igbá fáànù, tẹmósítátì, ọmọrí rédíétọ̀ (kí nọ́ńbà tó wà lórí tuntun bá ti àtijọ́ mu), fífọ rédíétọ̀ nínú àti lóde, họ́ọ̀sì méjèèjì, kí ẹ wá da kúláǹtì àti omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ sí i, ìdajì sí ìdajì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da kẹ́míkà líle fọ rédíétọ̀ àtijọ́. Ìpẹtà náà ló ń dí ojú jíjò mìíràn, ẹ lè fọ̀ ọ́ tán kó bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Kí ẹ tó san owó, ẹ wà á gba ọ̀nà kọnkéré Kàbà sí Ọbájáná. Ọ̀nà kìlómítà 43 yẹn tẹ́jú tó láti gbọ́ ohun tí ọ̀nà oko ń bò mọ́lẹ̀. Ní 80 km/h, ẹ rọra yí ọwọ́ ìdarí sọ́tùn-ún àti sósì. Tí híhó kan bá ń pọ̀ nígbà tí ẹ yí sápá kan tó sì ń dín nígbà tí ẹ yí sápá kejì, bẹ́ríìnì táyà ni. Tí ìdí yín bá ń gbọ̀n lórí àga, tí ọwọ́ ìdarí kò gbọ̀n, ẹ wo kúrọ́ọ̀sì propela (oríkèé ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn). Tí ọwọ́ ìdarí ló ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ táyà tàbí ti iwájú ni.

ỌmọYàgbà

Pẹ̀lú ègé irin yẹn, ẹ ka gíábọ́ọ̀sì sí òkú. Odidi ni kí ẹ fi sínú ìṣirò, pẹ̀lú klọ́ọ̀ṣì, nítorí iṣẹ́ títú rẹ̀ kan náà ni. Ẹ rí i pé ti fọ́ọ̀-wíìlì 2.7 ni ẹ ń rà. Ti ọkọ̀ tí kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì kò ní wọlé.

Fọ́ọ̀-wíìlì tí kì í wọlé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ilẹ̀ rírọ̀, kì í ṣe lórí títì. Tàbí kí ẹ gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le, pẹ̀lú ìdúró irin tó lágbára lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi sí H4 (ipò fọ́ọ̀-wíìlì), kí ẹnì kan wo ọ̀pá propela iwájú. Tí ọ̀pá bá ń yí ṣùgbọ́n tí táyà kò yí, mọ́tò kékeré tó ń so díìfù iwájú mọ́ra, tàbí wáyà rẹ̀, ló kú. Tí ọ̀pá kò bá yí rárá, inú tiráńsífà (àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) ni àrùn wà. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, ti èkejì kò rọrùn. Fún ẹrẹ̀ Bùnú ní oṣù kẹsàn-án, ẹ nílò rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé ẹ lè máa lò ó báyìí.

ÌwéPé

Ní ti owó: iye nǹkan ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ kọ orúkọ nǹkan tí wọ́n ti dárúkọ wọ̀nyí sórí ìwé kan, ẹ béèrè iye wọn lọ́wọ́ ẹni méjì ní Lọ́kọ́ja àti ẹnì kan ní Ìlọrin, ẹ mú èyí tó wà láàrin. Ẹ fi owó iṣẹ́ kún un, kí ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta àpapọ̀ náà kún un fún ohun tí ẹ kò tíì rí. Ẹ wá wo iye tí irú Hilux yẹn tí kò ṣàìsàn ń lọ ní Kàbà, kí ẹ yọ àpapọ̀ yín kúrò. Iye tó kù ni owó tí ẹ máa san. Tó bá kọ̀, ẹ fi ìwé yẹn hàn án. Ènìyàn máa ń bá ẹnu jà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bá ìwé ọjà jà.

Àgbẹ̀Bùnú

Mo ti gbọ́. Ìbéèrè kan kù, ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà: ewé sípírìn kan tó lé lápá òsì yẹn, ṣé kí n fi ọ̀kan kún ọ̀tún kó lè dọ́gba?

Wẹ́dàMọ̀pà

Rárá o! Ẹ yọ ti òsì kúrò. Ewé yẹn ló gbé gbogbo ìwúwo lé apá òsì tó fi sán. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì sípírìn àti yúù-bóòtù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà náà. Tí ẹ bá tún fẹ́ jó ohunkóhun lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, kí wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, kí wọ́n sì fi irin ilẹ̀ ẹ̀rọ jíjó sítòsí ibi tí wọ́n ń jó, kí iná má baà gba inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọjá. Kí wọ́n sì ti páìpù epo àti ti búréèkì sẹ́yìn.

Ní ti ẹrù, iṣu àárín kan lè tó 3 kg. Ọ̀ọ́dúnrún á tó 900 kg, ẹ fi dírẹ́bà àti àwọn tó ń já iṣu kún un, ẹ ti kọjá ohun tí ọkọ̀ tí wọ́n ti jó ṣáṣì rẹ̀ yẹ kó gbé. Ẹ kó 200 sí 220 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ to iṣu sún mọ́ kábíìnì, kì í ṣe sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ọjọ́ kẹrin kún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ń lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ẹyinjú wo etí pátákó yẹn dáadáa. Tí ẹ bá rí ìlà tín-ínrín bí irun, kódà tí kò gùn ju èékánná lọ, ẹ wà á wá lófìfo.